Iná Pupa Tí Mo Pa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo kí yín. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin ni mí. Nínú ọdún wọ̀nyẹn, ogójì ni mo fi dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, tí ọ́ìlì ń kán sí mi lójú. Lẹ́yìn náà mo fẹ̀yìn tì. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn náà gan-an fi fẹ̀yìn tì lára mi, kò sì kọ lẹ́tà sí mi tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tó yẹ àgbàlagbà. Mo ní kí n sọ ọ́ fún ìyàwó mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọkàn mi lè fúyẹ́, ó ní kí n lọ sọ ọ́ fún àwọn tí kò mọ̀ mí, pé àwọn tó mọ̀ mí ti gbọ́ ọ tó.

Àwa mẹ́ta ni ìyá wa bí. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, ni àkọ́bí. Èmi ni mo tẹ̀lé e. Àbúrò wa ọkùnrin, tó jẹ́ télọ̀, ni àbíkẹ́yìn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Àǹtí ń gbé, ilé kẹta sí tèmi. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, kíndìnrín Àǹtí méjèèjì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ kan ní ọsibítù ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, Túsìdeè àti Fúráídè, aago méje àárọ̀.

Ìrìn wákàtí kan gbáko ni ọsibítù náà. Ọkọ̀ télọ̀ ló ń gbé Àǹtí lọ. Ọkọ̀ ọ̀hún dàgbà ju àbíkẹ́yìn mi lọ, àbíkẹ́yìn mi sì ti ń fá irùngbọ̀n. Bí ọkọ̀ yẹn kò bá lọ, ẹ̀jẹ̀ Àǹtí kò ní í mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ Àǹtí kò bá sì mọ́, ẹ jẹ́ kí n fi í síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, télọ̀ wá bá mi. Ó ní ọ́ìlì ń kán lábẹ́ ọkọ̀ òun, pé ó ti sọ ilẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù di dúdú débi tí àwọn oníbàárà ń ká aṣọ sókè kọjá. Ó wá ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ó ku ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní òun ti kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Ìyá Jáàkì.

Ẹ má fojú kéré obìnrin yìí. Ọmọ iṣẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀, ọdún márùn-ún ló lò lọ́dọ̀ mi. Ó ti ní gáráàjì tirẹ̀ báyìí, àti ọmọ mẹ́ta, àti ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan. Ìyá Jáàkì ni wọ́n ń pè é nítorí pé bí inú bá bí i, ohùn rẹ̀ nìkan lè gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò ó fìrí, ó sì sọ fún télọ̀ pé kó fi ọ́ìlì kún ọkọ̀ náà, kó fi gbé Àǹtí lọ ní Túsìdeè, kó sì gbé e wá fún òun ní Wẹ́sìdeè. Ó ní òun máa kọ́kọ́ fọ ẹ́ńjìnnì náà mọ́, òun á jẹ́ kó gbẹ, òun á bu àtíkè funfun sí i lára, òun á sì tan án kí òun lè rí ibi tí ọ́ìlì ti ń wá gan-an. Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé òkè ló ti ń wá.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ogójì ọdún ni mo fi ń wí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé ibi tó tutù jù kọ́ ni ibi tó ń jò, pé ọ́ìlì a máa rin ìrìn àjò kó tó kán, pé kí wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó fẹ̀sùn kan nǹkan kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ mi wá gba ẹnu ẹlòmíràn jáde, tó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni àbúrò mi kọ́kọ́ yà, ṣe ló dún létí mi bí èébú.

Mo béèrè lọ́wọ́ télọ̀ bóyá gáráàjì ni obìnrin náà ṣí tàbí ilé ìfọṣọ. Ó rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ bà mí jẹ́.

Mo ní kó wa ọkọ̀ náà wá síwájú ilé mi. Dídùbúlẹ̀ ló yẹ kí n dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi kò fọwọ́ sí i, mo bá kúnlẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Láti orí ìkúnlẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí mo lè rí ni agbada ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tí àwa mẹkáníìkì ń pè ní sọ́ọ̀mpù. Ó tutù rinrin. Mo na ìka kàn án, mo gbóòórùn ìka náà, mo mirí bíi dókítà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ burúkú fún ẹbí.

“Gásíkẹ́ẹ̀tì sọ́ọ̀mpù ló lọ. Kò sí nǹkan kan lókè. Ọ́ìlì kì í gun òkè.”

Òótọ́ ni, kì í gun òkè. Ó máa ń ti òkè sọ̀kalẹ̀ ni. Ẹnu ara mi ló ń já mi nírọ́, n kò gbọ́.

Gásíkẹ́ẹ̀tì ni ohun tín-ín-rín tí a fi ń dí àárín irin méjì kí ọ́ìlì má bàa jò; ti irú ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta kí a tó rí i. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ti pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ fi han ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ pé òun ṣì wà láyé. Mo ní kò pọn dandan, pé gọ́ọ̀mù á ṣe é. Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀, mo ki igi nípọn bọ abẹ́ rẹ̀, mo fi ìrora dùbúlẹ̀, mo tú sọ́ọ̀mpù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìlànà gọ́ọ̀mù fún yín. Bí okùn bàtà ló ṣe yẹ kí a fà á tín-ín-rín yí etí sọ́ọ̀mpù po. Lẹ́yìn náà a ó jẹ́ kó sùn mọ́jú kó tó fojú kan ọ́ìlì. Èmi fi gbogbo tíúbù náà sí i, ó nípọn bí àtàǹpàkò. Nígbà tí mo dè é padà, gọ́ọ̀mù yọ ní gbogbo etí. Èyí tó yọ síta, mo fi àkísà nù ún. Èyí tó yọ sínú, kò sí ẹni tó rí i.

Lẹ́yìn wákàtí kan péré, mo da ọ́ìlì sí i.

Télọ̀ dúpẹ́ títí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò sí irú yín.” Lójú mi níbẹ̀ ló ti pe Ìyá Jáàkì lórí fóònù pé kó má ṣe ìyọnu mọ́, pé Ẹ̀gbọ́n òun ti parí ẹ̀ láàárín ọ̀sán kan. N kò gbọ́ èsì tó fún un, ṣùgbọ́n mo jókòó bí ọba.

Wọ́n lọ ní Túsìdeè, wọ́n bọ̀ láyọ̀. Ní àárọ̀ Wẹ́sìdeè, mo rọra rìn dé ilé télọ̀ láti lọ gba ìyìn tó kù. Ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Lábẹ́ ọkọ̀ náà, ọ́ìlì wà nílẹ̀, ó tó awo ìjẹun.

Lọ́tẹ̀ yìí mo dùbúlẹ̀ dáadáa. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sókè, mo sì rí i: ìlà kan ṣoṣo, ó dúdú, ó ń dán. Abẹ́ ìdérí orí ẹ́ńjìnnì ló ti bẹ̀rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, ó gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀, ó dé etí sọ́ọ̀mpù, ibẹ̀ ló ti ń kán. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí yẹn ló ti gbẹ. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Àmọ́ ẹni kan ṣoṣo tó ń ta irú rẹ̀ ládùúgbò wa ni Ìyá Jáàkì.

Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Apá kan jẹ́ nítorí ìrònú. Apá kejì jẹ́ nítorí pé n kò lè dìde.

Mo ronú pé kí n lọ sọ fún un. Mo wo bí mo ṣe máa dúró níwájú rẹ̀ láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀, tí màá ní òun ló gbọ́n, èmi ni mo gọ̀. Mo wo bí ojú télọ̀ á ṣe rí. Nígbà tí mo fi rí nǹkan dì mú dìde, mo ti pinnu. Ọ́ìlì tó ń kán kò pọ̀. Màá máa fi kún un.

Bẹ́ẹ̀ ni èmi, baba ọlọ́mọ mẹ́rin, di olè àárọ̀. Kí télọ̀ tó jí, màá ti dé, màá fa páálí tí télọ̀ ń tẹ́ de ọ́ìlì, tó ti rin, kúrò lábẹ́ ọkọ̀, màá tẹ́ páálí tuntun, màá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ́jẹ́, màá bu ọ́ìlì díẹ̀ sí i. Nígbà tí télọ̀ rí ìwọ̀nba tó kù nílẹ̀, mo sọ fún un pé èyí tó ti lẹ̀ mọ́ irin tẹ́lẹ̀ ló ń kán tán lọ. Ó ní òun náà rí i pé páálí ń mọ́ sí i lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú páálí lápá, ni mo gbọ́ ohùn Àǹtí lójú fèrèsé.

“Ṣé páálí lò ń tà báyìí ni?”

Mo ní táyà ni mò ń wò.

“Abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń so táyà mọ́ ní tiyín?”

Mo ní ọkọ̀ àtijọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Nígbà tí ikọ́ dúró, ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí a wà lọ́mọdé tí ẹran bá dín nínú ìkòkò. Ó fa kọ́tìnnì.

Bí mo bá dúró síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹta, télọ̀ wá jíṣẹ́ fún mi pé iná pupa kékeré kan ń tàn níwájú òun bí òun bá ti ń wakọ̀. Ó kọ́kọ́ ń tàn bí òun bá yà ní kọ́nà, á sì kú. Báyìí ó ti ń pẹ́ kó tó kú.

Iná yẹn ń sọ pé ọ́ìlì kò dé ibi tó yẹ kó dé. Mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì kún débi tó yẹ. Bí ọ́ìlì bá kún, tí kò sì dé òkè, a jẹ́ pé nǹkan dí i lọ́nà. Mo sì mọ nǹkan náà bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Gọ́ọ̀mù tó yọ sínú ti ń já ní ègé ègé, ó ń wọ́ lọ dí asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọ́ìlì mu. Bí asẹ́ yẹn bá dí tán, irin á máa họ irin, ẹ́ńjìnnì á sì gan pa.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju gbólóhùn kan lọ: “Má wa ọkọ̀ yìí mọ́, èmi ni mo bà á jẹ́.” Mo la ẹnu. Télọ̀ ń wò mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò le? Túsìdeè ti dé tán.”

Mo ní, “Kò le. Ẹ́ńjìnnì kò ní nǹkan kan. Iná yẹn ló ń purọ́.”

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo wá wáyà tó ń gbé iṣẹ́ lọ síbi iná náà, mo yọ ọ́. Mo ká ẹnu rẹ̀ padà sẹ́yìn, mo fi téèpù dúdú dì í, mo tún un ká, mo tún un dì, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe é. Mo ní kí télọ̀ tan ọkọ̀. Iná pupa kò tàn mọ́. Ó dùn mọ́ ọn bí ọmọdé.

Ó wá béèrè ohun tó fà á tí iná fi ń purọ́. Ìbéèrè gidi ni. Mo bá ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn ṣáájú mi ló fọwọ́ kan wáyà.

N kò dárúkọ. Kò sídìí fún un. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, télọ̀ lọ bá Ìyá Jáàkì ní gáráàjì, ó sì bú u lójú oníbàárà mẹ́ta pé ó fẹ́ ba ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn jẹ́ nítorí pé wọn kò gbé iṣẹ́ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Mo bi í pé kí ni obìnrin náà wí. Ó ní kò bú òun padà. Ohun tó sọ kò ju pé, “Ẹ bá mi kí Ọ̀gá,” ìyẹn èmi.

N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyàwó mi rò pé ibà ni.

Ní Túsìdeè, ọkọ̀ gbé wọn débẹ̀, ṣùgbọ́n omi kò sí ní ọsibítù, ẹ̀rọ kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí omi. Wọ́n dá gbogbo aláìsàn padà sílé, wọ́n ní kí wọ́n má pa Fúráídè jẹ bó ti wù kó rí. Nígbà tó fi di Tọ́sìdeè, ẹsẹ̀ Àǹtí ti wú débi pé bàtà kankan kò gbà á. Ojú rẹ̀ wú. Kò lè dùbúlẹ̀ mọ́, ìjókòó ló fi ń sùn, nítorí pé bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí rẹ̀ á há.

Ní àárọ̀ Fúráídè, mo ní màá bá wọn lọ. Télọ̀ ní ìfẹ́ ló fà á. Mo gbé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì sínú àpò, mo gbé e lé orí itan, bí ẹni tó gbé oúnjẹ dání. Kò sí ohun tí ọ́ìlì náà lè ṣe. Mo kàn nílò nǹkan tí màá dì mú ni.

Àǹtí jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìrọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. A ti rìn tó ìdajì ọ̀nà, ibi tí kò sí ilé lọ́tùn-ún lósì, nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kọ, kọ, kọ. Ó rọra ń dún nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, bí ẹni tó ń fi eegun ìka kan ilẹ̀kùn.

Kò tíì bàjẹ́ tán nígbà náà. Bí ènìyàn bá pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan ṣì ṣeé gbà là. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó pa á, ó máa bi mí pé kí ló dé. Mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Kò sí iná kankan níbẹ̀. Èmi ni mo pa á.

“Kí ló ń kan ilẹ̀kùn?” Àǹtí béèrè láti ẹ̀yìn.

Télọ̀ ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ó bojú wò mí. Mo ní ó lè jẹ́ òkúta. Òkúta tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, ẹ̀yin ará. Ohun tí mo sọ nìyẹn.

Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, kíkàn náà di ìlù irin. Ọkọ̀ gbọn, ó ké, ó sì dúró bí ẹni pé ó kọlu ògiri. Télọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, kò dún. Ó tún un yí. Ó ní ká sọ̀kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èéfín bò wá.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe nǹkan.”

Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, mo nù ún, mo kì í bọ̀ ọ́, mo tún fà á yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì kún dáadáa. Télọ̀ ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì, ó ń ju apá méjèèjì, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ kọjá. Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Láti inú ọkọ̀, a ń gbọ́ èémí Àǹtí, ó ń dún bí ayùn. Ètè rẹ̀ ti ń yí padà sí àwọ̀ tí mi ò fẹ́ rántí. Ó di ìrọ̀rí mú, ó ń wo iwájú.

Télọ̀ pe awakọ̀ méjì tó mọ̀, wọn kò gbé e. Ó wá wo fóònù náà, ojú tì í, ó sì pe ẹni tó bú lójú oníbàárà mẹ́ta.

Ìyá Jáàkì dé láàárín ìdajì wákàtí, pẹ̀lú aṣọ tó fi sùn lábẹ́ aṣọ iṣẹ́. Kò kí ẹnikẹ́ni. Òun àti télọ̀ gbé Àǹtí sí iwájú píkọ́ọ̀pù. Ó wá sáré lọ síbi bọ́nẹ́ẹ̀tì wa láti tì í pa, ó sì tẹ̀ ba, ó wò ó ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Mo rí ibi tí ojú rẹ̀ dúró sí. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Ó ti bọ́nẹ́ẹ̀tì pa.

“Ẹ gun ẹ̀yìn, Ọ̀gá.”

Mo jókòó sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù láàárín táyà méjì, mo gbé gálọ́ọ̀nù mi lórí itan, atẹ́gùn ń fẹ́ fìlà mi. Gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ń gbà wo orí Àǹtí. Bí orí yẹn bá ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkàn mi á já, télọ̀ á sì fọwọ́ gbé e dúró.

A dé ọsibítù ní aago mẹ́jọ ó kù díẹ̀. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé Àǹtí wọlé, télọ̀ sáré tẹ̀lé e. Èmi náà ń lọ nígbà tí Ìyá Jáàkì dì mí mú ní apá ẹ̀wù.

Ó rọra sọ̀rọ̀. Ohùn tó lè gbé ọkọ̀, kò gbé e sókè rárá. Ó ní, “Ọ̀gá, mo rí wáyà yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ká a, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dì í. Mi ò tíì rí ẹlòmíràn tó ń dì í báyẹn àyàfi àwọn tí ẹ kọ́.”

Mo ní ọmọ iṣẹ́ mi pọ̀.

“Wọ́n pọ̀. Èwo nínú wa ló wá síbẹ̀?”

Mo wo gálọ́ọ̀nù tó wà lọ́wọ́ mi, èmi tí ẹ ti ń gbọ́ àpárá lẹ́nu mi láti òkè.

Ó ní, “Mi ò ní í sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀sán yìí ni màá wọ́ ọkọ̀ yẹn lọ sí gáráàjì, màá tú sọ́ọ̀mpù, ohun tí mo bá sì bá níbẹ̀, ọlọ́kọ̀ ni màá fi hàn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnu yín débẹ̀ ṣáájú ọwọ́ mi, ẹ wọlé báyìí.”

Mo wọlé.

Ẹ̀rọ Àǹtí ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé nígbà tí aago méje ààbọ̀ lù tí a kò dé, tí àwọn tí kò rí omi ní Túsìdeè sì kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti so ẹlòmíràn mọ́ ọn, wọn kò sì lè já a láàárín iṣẹ́. Ó di aago méjìlá. Wọ́n ti fi Àǹtí sórí bẹ́ẹ̀dì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè, wọ́n fi nǹkan bo imú rẹ̀ kó lè rí atẹ́gùn fà. Nọ́ọ̀sì sọ fún télọ̀ pé kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀, kó má sùn lọ.

Télọ̀ ń sọ fún un pé kó má bínú, pé ọkọ̀ ni, pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, irin ni irin.

Mo dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà. Mo ní, “Ẹ̀bi èmi ni.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkúnlẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ dípò kí n dùbúlẹ̀. Mo sọ ti gọ́ọ̀mù. Mo sọ ti páálí, àti ìlà ọ́ìlì tí mo rí lókè ní ọjọ́ kẹta pàá. Mo dé ibi iná pupa. Mo ní èmi ni mo yọ wáyà, pé Ìyá Jáàkì kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Télọ̀ fi ọwọ́ Àǹtí sílẹ̀. Ó dìde dúró. Ọkùnrin tó ti ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láti ìgbà tó ti ń rìn, ó wò mí bí ẹni tó ń wo aṣọ tí wọ́n rán bàjẹ́, tó ń wá ibi tí abẹ́rẹ́ ti kọ́kọ́ ṣìnà.

“Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Nígbà tí ẹ ń yọ wáyà yẹn, ṣé ẹ rántí ẹni tó ń wọ ọkọ̀ náà?”

Mo lè purọ́. Ó yá mi lẹ́nu ní àkókò yẹn náà, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Irọ́ kan ti wà nílẹ̀ tó ti gún régé, pé mo ti gbàgbé, pé ọjọ́ ogbó ni.

Mo ní, “Mo rántí.”

Ó jókòó padà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó di ọwọ́ Àǹtí mú. Àǹtí la ojú díẹ̀ lẹ́yìn nǹkan tó bo imú rẹ̀. N kò mọ ohun tó gbọ́ àti ohun tí kò gbọ́. Ó gbé ìka kan sókè, ó nà án sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìyẹn ni pé kí n jókòó. Mo jókòó. Láti aago mẹ́jọ dé méjìlá, mo ka èémí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó dáwọ́ dúró pẹ́ débi pé mo dìde.

Ní méjìlá kọjá díẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ. Ní aago mẹ́rin, nọ́ọ̀sì jáde wá, ó ní ó ń béèrè omi mímu, wọ́n bu ìwọ̀nba fún un, ó sì ń bá wọn jà. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún.

Ẹ̀mí Àǹtí ni a rí gbà. A kò rí ẹ́ńjìnnì gbà. Nígbà tí Ìyá Jáàkì tú sọ́ọ̀mpù níwájú télọ̀, asẹ́ náà dí bí ẹnu àpò tí wọ́n rán pa. Irin inú rẹ̀ ti jẹ ara wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi tún un ṣe, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà, píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ló ń gbé Àǹtí lọ gbé e bọ̀. Télọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ ní gáráàjì, lójú oníbàárà. Èmi náà lọ. Mo mú ìjókòó níta títí àwọn ènìyàn fi pọ̀ tó, kí n tó sọ tèmi, nítorí pé lójú ènìyàn ni wọ́n ti bú u.

Kò sọ pé ó ti tán. Ó gbé asẹ́ náà fún mi pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan àti kẹrosíìnì nínú agolo, ó ní kí n máa yọ gọ́ọ̀mù inú rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Nígbà tó parí ohun gbogbo, ó fọ ẹ́ńjìnnì náà mọ́, ó jẹ́ kó gbẹ, ó bu àtíkè sí i lára, ó tan án, ó ní kí n wá wò ó. Kò sí ìlà kankan. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun wà lókè níbi tó ti sọ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ náà, ó sì fà mí dìde lẹ́yìn náà láìrẹ́rìn-ín.

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo rí kọ́, n kò ní ju èyí lọ: jíjò kékeré ni mo bá, ìtìjú wákàtí kan ló sì yẹ kó ná mi. N kò fẹ́ san ìtìjú wákàtí kan, mo bá fẹ́ fi Àǹtí san án.

Ní Túsìdeè tí ọkọ̀ náà máa kọ́kọ́ gbé e lọ padà, mo lọ dúró níwájú ilé wọn. Télọ̀ ní, “Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n,” ó wọ ọkọ̀, ó tan án. Láti ọjọ́ ọsibítù, ìkíni yẹn ni mo ń rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń jẹ́ ẹ tọpẹ́tọpẹ́.

Àǹtí fi ọ̀pá rìn jáde. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó dúró, kò wọlé. Ó fetí sí ẹ́ńjìnnì. Ó wá yíjú sí mi.

“Ṣé ìwọ lo ṣe é?”

“Rárá, Àǹtí. Ìyá Jáàkì ni.”

“O ò fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀?”

“Asẹ́ nìkan ni mo fọ̀. Ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn mi lẹ́ẹ̀mejì.”

“Ó dáa,” ó wí, ó sì wọ ọkọ̀.